Pijó Aláwọ̀ Ewé Tí Kò Dé Ṣábẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ Franck létè nígbà tí wọ́n mú un wọ àgọ́ ọlọ́pàá, aṣọ rẹ̀ sì ti ya láti ọrùn dé àyà. Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ló ya Ìnspẹ́kítọ̀ Chérifatou lẹ́nu. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà kò sọ pé òun kò jẹ̀bi.

Àwọn ọmọ gáréèjì ló lù ú. Bí kì í bá ṣe pé Régis, ọlọ́pàá tó ń bá Chérifatou ṣiṣẹ́, ń kọjá lọ ra iṣu sísun, bóyá òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé wá.

Awawou tẹ̀lé wọn wọlé. Obìnrin yìí máa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le bíi pé ó ṣì wà lọ́jà.

"Olè nìyí! Ó ti gbé mọ́tò wa tà! Ẹ bi í, kó sọ ibi tó gbé e sí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, kò kánjú. Dieudonné Ọláyínká lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Dirẹ́kítọ̀ ni gbogbo Ṣábẹ̀ ń pè é, nítorí ó ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọlọ́pàá tó ti jókòó níwájú rẹ̀ ní kíláàsì rí dìde kí i. Ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

Ọmọ Kétu ni Chérifatou, ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀, kò sì mọ bàbá náà rí. Ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi bó ṣe jẹ́."

Dirẹ́kítọ̀ sọ ọ́. Bàbá wọn tó ti di olóògbé máa ń fi Pijó 404 kó èrò láti Ṣábẹ̀ lọ sí Párákù láyé àtijọ́. Ayẹyẹ ìrántí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ọmọ sì pinnu pé àwọn á wá irú mọ́tò náà gan-an, aláwọ̀ ewé, kó máa wà nínú agboolé kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí i. Irú rẹ̀ tó ṣì dára kò sí nítòsí mọ́. Dirẹ́kítọ̀ ló wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Bẹ́ljíìkì. Nígbà tí wọ́n ní ọkọ̀ òkun ti gbé e dé Kútọnu, ó rán Franck, awakọ̀ ọmọ Kábùà, pé kó lọ wà á wá.

"Ó padà dé lọ́wọ́ òfìfo," ni Dirẹ́kítọ̀ fi parí ọ̀rọ̀.

"Kí ló sọ fún yín nígbà tó dé?"

Dirẹ́kítọ̀ ń wo fìlà rẹ̀. "Kò sọ ohun tó lórí."

"Kí ni olè fẹ́ sọ?" Awawou dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ níwèé, ẹ wo ohun tó fi san án!"

Franck gbójú sílẹ̀.

*

Nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn, Chérifatou fún un lómi mu kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ṣé o dé pọ́ọ̀tù?"

"Mo débẹ̀, Màdáámù."

"Mọ́tò náà ńkọ́?"

"Mi ò rí mọ́tò kankan."

"Kí làwọn ará ibẹ̀ sọ fún ọ?"

Franck nu ètè.

"Nígbà tí o kúrò ní Kútọnu, ṣé tààrà lo bọ̀ wá sílé?"

"Rárá. Mo dúró ní Dásà."

Régis tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ wọn. "Lọ́dọ̀ ta ni? Ta lo tà á fún ní Dásà?"

"Mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ni. Mo ń ronú."

Régis bú sẹ́rìn-ín. Chérifatou kò rẹ́rìn-ín.

"Franck, nígbà tí o dé ọ̀dọ̀ Dirẹ́kítọ̀, kí lo sọ fún wọn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin náà gbójú sókè. "Kí làwọn fúnra wọn sọ fún yín?"

"Wọ́n ní o ò sọ ohun tó lórí."

Ó tún gbójú sílẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá ti sọ náà ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, Régis ń fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ó yà sí Dásà, ó tà á, ó wá ń pe ara rẹ̀ ní onírònú."

"Mo ti pe pọ́ọ̀tù kí á tó wọlé lọ bi í. Kò sí mọ́tò tó dé lórúkọ Dirẹ́kítọ̀."

"Ó lè fi orúkọ mìíràn gbé e jáde."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ìkẹyìn? Olè kì í fọ̀rọ̀ ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ ni, yóò búra, yóò na ìka sí ẹlòmíràn. Èyí kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án sọ, kó lè gbè é lẹ́sẹ̀."

"Ta ló máa ń gbe ẹni tó fẹ̀sùn olè kàn án lẹ́sẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì mọ̀."

Àkókò kò sì sí. Kọmísẹ̀, ọ̀gá wọn pátápátá, ti sọ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á mú Franck lọ síwájú pùròkírọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Bí orúkọ èèyàn bá ti wọ ibẹ̀, kì í tètè jáde.

*

Wọ́n ti palẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò mọ́ nínú agboolé Ọláyínká, wọ́n ti fi bíríkì tò ó yípo. Ibi tí mọ́tò ì bá jókòó sí nìyẹn. Adìyẹ kan ń walẹ̀ láàárín rẹ̀.

Dirẹ́kítọ̀ gbé fóònù rẹ̀ fún Chérifatou láìjanpata. Ẹni tó ta mọ́tò ń pe ara rẹ̀ ní Lambert, arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní kì í ṣe owó lòun ń wá, pé ẹni tó máa fẹ́ràn mọ́tò náà lòun ń wá, ìdí nìyẹn tó fi tà á ní owó tí èèyàn kò lè fi ra ògbólógbòó ọ̀kadà méjì.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, Bàbá?"

"Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń kọ̀wé ni."

"Ẹ sọ pé kó fi fídíò hàn yín?"

"Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lò."

"Báńkì tí ẹ fi owó sí, ṣé ti Bẹ́ljíìkì ni? Ṣé orúkọ Lambert ló wà lórí rẹ̀?"

"Orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Ó ní ti àbúrò òun ni."

Chérifatou kà á síwájú. Bí wọ́n ti sanwó tán ni Lambert tún béèrè owó ìdójútòfò, lẹ́yìn náà owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìgbàkígbà tí Dirẹ́kítọ̀ bá fà sẹ́yìn díẹ̀, Lambert á ní ẹlòmíràn kan wà ní Lómé tó fẹ́ rà á ní ọjọ́ náà gan-an. Chérifatou ní kí Dirẹ́kítọ̀ fi àwọn fọ́tò mọ́tò tí Lambert kó wá ránṣẹ́ sórí fóònù òun.

"A máa wá a dé ibi gbogbo, Bàbá. Àmì wo la ó fi dá a mọ̀?"

"Màdáámù," ni Dirẹ́kítọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú jù."

Awawou tó ń gbé omi bọ̀ dúró. "Kí wọ́n má da ara wọn láàmú kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n!"

Chérifatou gba omi, ó mu díẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ti gbọ́.

*

Ìròyìn ti dé kí wọ́n tó padà sí àgọ́. Ẹnì kan pè láti Àdìdó pé Pijó 404 aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Moustapha, wọ́n sì fi ewé ọ̀pẹ bò ó.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ?" Régis ti ń tan mọ́tò ọlọ́pàá.

Eruku pupa bò wọ́n dé Àdìdó. Moustapha, ọlọ́jà iṣu, jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tí Régis pariwo mọ́ ọn pé kó ṣí ewé náà kúrò, ó ṣí i. Pijó 404 ni lóòótọ́, aláwọ̀ ewé ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní táyà, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ jáde sókè láàárín ẹ́ńjìnnì, gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ìtẹ́ adìyẹ.

"Ìgbà wo nìyí ti wà níbí?"

"Kí n tó fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́," ni Moustapha wí. "Ọmọ tí ìyẹn bí ti ń bímọ."

Ojú ti Régis. Ó yí padà, ó ń bú ẹni tó pè wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n Chérifatou ti ṣílẹ̀kùn iwájú.

"Màdáámù, ẹ rọra, adìyẹ kan ń sàba níbẹ̀!" ni Moustapha ké.

Ó rọra jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ náà. Ó fọwọ́ di fólàǹ mú, ìyẹn òbìrìkìtì tí awakọ̀ fi ń darí mọ́tò. Ọwọ́ òsì ló wà, gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo mọ́tò ilẹ̀ wa. Ó yọ fóònù, ó ń wo fọ́tò Lambert. Ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ náà tún fi pa ojú dé.

"Régis, wá wo èyí. Fọ́tò inú mọ́tò: apá wo ni fólàǹ wà?"

"Apá òsì."

"Èyí tí wọ́n yà láti iwájú ńkọ́? Wo inú gíláàsì."

Régis mú fóònù súnmọ́ imú. "Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá jókòó wà á. Bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá fọ́tò yẹn ló yí padà, bí ìgbà téèyàn bá wo dígí."

"Pátákó ilé búrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kà á."

Régis kà á. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dúró bó ṣe yẹ kó dúró.

"Fọ́tò ò yí padà," ni Chérifatou wí. "Mọ́tò méjì ni, ti ẹni méjì, ní ilẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ní mọ́tò lọ́wọ́, tirẹ̀ ló máa yà. Ẹni tí kò ní ló ń kó ti ẹlòmíràn jọ. Fi ìyẹn kún ọ̀fun tí kò lè sọ̀rọ̀, kún owó tó ń lọ sórúkọ ẹni tí a ò mọ̀, kún ará Lómé tó máa ń yọjú ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá fẹ́ ronú. Kò sí Lambert. Kò sí Pijó. Kò sóhun tí Franck lè jí."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ìyẹ́ adìyẹ kúrò láṣọ.

"Wọ́n lu Dirẹ́kítọ̀ ní jìbìtì nìyẹn," ni Régis wí. "Ṣùgbọ́n bí òun náà kò bá mọ̀, tọkàntọkàn ló fi Franck sùn."

"Bí kò bá mọ̀. Rántí pé láti àárọ̀, kò tíì fẹnu ara rẹ̀ pe Franck lólè. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun kàn jókòó tì í ni."

*

Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn àwọn òkè nígbà tí wọ́n padà sí agboolé. Àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ti pé jọ. Chérifatou kí wọn, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ òtítọ́ tí kò ní irọ́ nínú.

"A rí Pijó 404 aláwọ̀ ewé kan ní Àdìdó."

Awawou ké, ó fò sókè, ó dì mọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Alihamudulilai! Bàbá wa ò sùn!"

Dirẹ́kítọ̀ nìkan ni kò dìde.

"Kò lè jẹ́ òun," ló wí.

Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀rín Awawou dúró sójú rẹ̀.

"Bàbá," ni Chérifatou wí, "ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù á sáré lọ wò ó ná. Kí ló dé tí kò lè jẹ́ òun?"

Chérifatou wo àwọn ènìyàn yíká, àánú bàbá náà ṣe é. "Ẹ jẹ́ ká wọlé, Bàbá."

Nínú pálọ̀, àwòrán bàbá wọn wà lára ògiri. Dirẹ́kítọ̀ fi ẹ̀yìn sí i.

"Tinútinú ni mo fi rán Franck," ló wí. "Mo gbà pé mọ́tò wà. Nígbà tó padà dé, ó pè mí lọ sí ẹ̀yìn ilé kí ẹnì kankan má bàa gbọ́. Ó ní, 'Dirẹ́kítọ̀, mọ́tò kò sí. Àwọn ará pọ́ọ̀tù ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn.' Ó ń sunkún. Ó ní òun jókòó sí Dásà nítorí òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ fún mi, èmi tí mo kọ́ òun ní ABD. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n fúnra mi wá ọ̀nà tí màá fi sọ fún àwọn àbúrò mi. Ó búra pé òun ò ní sọ."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A jáde síwájú. Gbogbo wọn ti ń dúró. Wọ́n ti ra mímu. Awawou bi mí, 'Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò dà?' Mo wo ojú wọn. Èmi tí mo ń kọ́ni pé ká máa fojú inú wo nǹkan. Èmi ni mo kó owó wọn, èmi ni mo ní mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo ní, 'Ẹ bi Franck.'"

"Gbogbo ohun tí ẹ sọ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ pé ó jí i."

"Ẹ ò sì sọ pé kò jí i."

"Màdáámù, ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ta ni, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀sín, Franck ni wọ́n fẹ́ lù pa."

Ìlẹ̀kùn ró. Awawou ló dúró níbẹ̀, ọwọ́ lórí, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, kò sì pariwo mọ́. "Èmi ni mo lọ pe àwọn ọmọ gáréèjì. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kó sá lọ." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

*

Dirẹ́kítọ̀ sọ ọ́ fún Kọmísẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì tú Franck sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Lambert ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọpa oníjìbìtì íńtánẹ́ẹ̀tì, Kọmísẹ̀ kò sì fi ìrètí tan ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ọmọdékùnrin kan ni Lambert, ó lè wà níbikíbi, ó sì ti lè máa jẹ́ orúkọ mìíràn báyìí.

Nígbà tí Franck jáde, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Dirẹ́kítọ̀ lọ bá a, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́, Dirẹ́kítọ̀," ni Franck wí láìgbójú sókè. "Ìròyìn ti dé Kábùà pé olè ni mí. Ìyá mi ò jẹun láti àárọ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn, kí n tó lè padà síbẹ̀."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Chérifatou fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé Dirẹ́kítọ̀ lọ sí Kábùà. Ìyá Franck jókòó níwájú ilé, ó ń bó iṣu. Nígbà tó rí ẹni tó dé, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì lọ bu omi wá fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti tú ọmọ òun sílẹ̀. Ó rò pé wọ́n wá sọ fún òun pé ọmọ náà ti kú.

Dirẹ́kítọ̀ kò lè gba omi náà. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń yọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Igbá omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olúwa ṣeun," ló wí. "Àwọn tó lù ú ńkọ́? Ẹ ti sọ fún wọn?"

"Rárá, Ìyá. Mi ò tíì sọ fún wọn."

Ó gbé igbá omi náà kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún wọn ná."

Gáréèjì kún fún èrò nígbà tí wọ́n dé Ṣábẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Párákù ń to ẹrù, àwọn ọlọ́jà ń pè, rédíò kan ń ké. Chérifatou ní kó jẹ́ kí òun pe àwọn ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un. Dirẹ́kítọ̀ mi orí. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àárín wọn, ó ṣí fìlà.

"Franck kò jí nǹkan kan," ló wí. "Èmi ni wọ́n lù ní jìbìtì. Ojú tì mí láti sọ ọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ lù ú."

Àwọn tó sún mọ́ ọn dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lórí ẹrù iṣu, fọwọ́ sẹ́nu pè é.

"A ò gbọ́ o, Dirẹ́kítọ̀! Kí lẹ wí?"

Ẹnì kan pa rédíò. Dirẹ́kítọ̀ nu ojú, ó mí sínú, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ohùn rara.